Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ìyá Wa: Ipò Obìnrin Li Èkó àti Agbègbè Ìkẹjà Li Ìbẹ̀rẹ̀ Ìjọba Òyìnbó

Nígbàtí àwọn ìgbìmọ̀ ọdún ìrántí fi orí ọ̀rọ̀ yìí lé wa lọ́wọ́, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a lọ ka àwọn òkúta ìrántí tí ń bẹ lára ògiri ilé Ọlọ́run, ti ìjọ tiwa àti ti àwọn ìjọ mìíràn láti Èkó títí dé Agége. Orúkọ ọkùnrin ni ó kún ibẹ̀: ẹnití ó fi ilẹ̀ tọrẹ, ẹnití ó jẹ́ wọ́dìnì fún ọdún púpọ̀, ẹnití ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Níbití a bá sì ti rí obìnrin, "aya" ẹni báyìí ni a kọ, bí ẹnipé kò ní orúkọ kí ó tó lọ sí ilé ọkọ. Síbẹ̀ gbogbo ẹnití ó bá mọ bí a ti ń kó owó jọ nínú ìjọ mọ ọwọ́ tí owó náà ti wá. Nítorínáà ni a ṣe rò pé kì yóò jẹ́ àṣejù bí a bá fi ojú ewé mélòó kan sọ ti iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Òyìnbó, àti ti ohun tí ìjọba, pẹ̀lú ìjọ, ṣe sí ipò wọn.

Ìlúpéjú tí a ń gbé yìí, ilé iṣẹ́ àti títì ni ó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Ṣáájú èyíinì ilẹ̀ oko ni, láàárín Múṣin àti Òṣòdì, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ẹnití ó bá fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ obìnrin níhìn-ín kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Èkó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi òkun, nítorí láti ibẹ̀ ni ìjọba, ìjọ àti òwò tuntun ti bá ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà rélùwéè gòkè wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Kí Òyìnbó tó gba Èkó, obìnrin Yorùbá ti ní àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkọ a fún un ní yàrá, a sì máa fún un ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò bí agbára rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n èrè tí ó bá jẹ, tirẹ̀ ni, ọkọ kì í kà á mọ́ owó tirẹ̀. Láti inú èrè yìí ni ó ti ń bọ́ ọmọ, tí ó ń ran òbí lọ́wọ́, tí ó sì ń dá owó ẹgbẹ́. Obìnrin tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ jẹ́ ẹni ìtìjú láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀. Ìlú pẹ̀lú a máa fi oyè dá wọn lọ́lá: Ìyálóde wà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, Ìyálọ́jà sì wà nínú ọjà tí ń dájọ́ àwọn tí ń tà àti àwọn tí ń rà.

Ẹfúnróyè Tinúbú ni gbogbo ènìyàn mọ̀ jù nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Tábà àti iyọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní Badagry, àgbà òwò ni ó sì di. Nígbàtí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá Ọba Akítóyè padà sórí oyè ní òpin ọdún 1851, Tinúbú bá a padà sí Èkó, ọlá rẹ̀ nínú ààfin sì pọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò Òyìnbó àti àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Li ọdún 1856, Consul Benjamin Campbell mú kí Ọba Dòsùnmú lé e kúrò ní ìlú. Ó lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbàtí àwọn ará Dahomey sì gbé ogun wá li ọdún 1864, ó pèsè ohun ìjà fún àwọn tí ń jà, àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde. Li ọdún 1887 ni ó kú. A kò ní bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ nítorí pé a ń yin àwọn ìyá wa: ó ní ẹrú púpọ̀, ó sì ṣe òwò ẹrú. Ọrọ̀ àwọn ọlọ́lá ìgbà náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, orí ẹrú ni ó dúró lé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan. Nígbàtí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá ní ọjọ́ 6 oṣù August, 1861, tí ó sì yan ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sí àyè kan fún obìnrin nínú rẹ̀. Ìyálóde a máa jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè; nínú ìjọba tuntun, obìnrin kò ní ibi tí yóò jókòó sí.

Kì í sì í ṣe Tinúbú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe epo tí wọ́n ń tà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, nítorí òun ni ó gbé Èkó ró, àwọn ọmọ wa tí ń ra epo nínú ike kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ọkùnrin a gun ọ̀pẹ, a sì gé ìdì ẹyìn lulẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ obìnrin ni iṣẹ́ kù sí. Wọn a ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì, wọn a sè é nínú ìkòkò ńlá títí yóò fi rọ̀. Wọn a dà á sínú ihò tí a rẹ́ dáradára tàbí sínú ọpọ́n igi, wọn a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n gún un, títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi yà kúrò lára èkùrọ́. Wọn a bu omi sí i, epo a sì léfòó. Wọn a kó ìfófòó rẹ̀, wọn a tún sè é kí omi lè gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Omi yìí ni ó ń gba agbára jù. Ẹnití ó bá jìnnà sí odò a máa rìn lọ rìn bọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ó tó rí omi tí yóò fi fọ epo ìkòkò mélòó kan. Lẹ́hìn gbogbo èyí, orí ni a fi ń rù ú dé etí odò tàbí dé ọjà.

Èkùrọ́ tí ó ṣẹ́kù ni ìyanu gidi. Li àtijọ́ kò níyelórí púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àdín ni a fi ń ṣe, ìyókù a di ohun tí a ń dà nù. Lẹ́hìn ọdún 1850 ni àwọn aṣọṣẹ, àti lẹ́hìn wọn àwọn tí ń ṣe bọ́tà àtọwọ́dá, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní Yúróòpù. Àwọn oníṣòwò Hamburg, bí ilé O'Swald àti ilé Gaiser, sì ń rà á li Èkó láti kó o lọ sí Jámánì. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí a fi ń pa á nígbà náà. Òkúta méjì ni, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. Obìnrin àti ọmọdé a sì máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ lẹ́hìn oúnjẹ, nígbàtí ó yẹ kí wọ́n sinmi. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, owó epo lè jẹ́ ti baálé, ṣùgbọ́n owó èkùrọ́, ti ìyàwó ni. Ní òpin ọ̀rúndún 19, epo àti èkùrọ́ ni ó pọ̀ jùlọ nínú ohun tí Èkó ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun. Owó wọn ni àwọn ènìyàn fi ń ra aṣọ, tábà àti ọtí tí ọkọ̀ ń kó bọ̀, orí àwọn ọjà wọ̀nyí ni ìjọba sì ti ń gba owó ibodè tí ó fi ń san owó oṣù gómìnà àti akọ̀wé. Bí a bá wí pé òkúta méjì tí obìnrin fi ń pa èkùrọ́ ni ó ń bọ́ ìjọba náà, àsọdùn kò pọ̀ níbẹ̀.

Nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹrú kò kéré. Àwọn mìíràn sá wá sí Èkó lẹ́hìn ọdún 1861, àwọn mìíràn sì fi èrè òwò ra ara wọn padà. Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ ti di ẹrú rí nígbà ogun. Ọmọ rẹ̀ rí i ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 21 oṣù August, 1846, lẹ́hìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní oṣù February, 1848, a sọ ọ́ ní Hannah. A mẹ́nu kàn án níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ inú ìjọ jẹ́ aya ọlọ́lá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ okùn lọ́rùn.

Nísisìyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa tìkárawa. Àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone padà wá mú ìhìnrere bọ̀, wọ́n mú ìwé bọ̀, wọ́n sì mú àṣà ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà Ọbabìnrin Victoria bọ̀ pẹ̀lú. Nínú àṣà náà, ìyàwó ẹni ọlá kì í jókòó sí ọjà. Ilé ni ó ń tọ́jú, ọmọ ni ó ń kọ́, àlejò ni ó ń gbà, ọkọ ni yóò sì máa bọ́ ọ. Li ọdún 1869 a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin C.M.S. sílẹ̀ li Èkó, ọdún mẹ́wàá lẹ́hìn ti àwọn ọmọkùnrin, Abigail Macaulay, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, sì wà nínú àwọn tí ó ṣe làálàá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé kíkà, aṣọ rírán, orin àti ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ohun rere ni. Láti inú ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọ̀wọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin ti jáde, láti inú rẹ̀ pẹ̀lú ni a sì ti rí ilé ẹ̀kọ́ St. Anne's ti Ìbàdàn, nígbàtí a pa á pọ̀ mọ́ ti Kúdẹtì li ọdún 1950. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yìí ni èrò kan wọlé, pé òwò ọjà kò yẹ ọmọbìnrin tí ó kàwé. Àwa ìjọ ni a kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí a di í ru ẹlòmíràn.

Ìjọ kan náà tí ń wí bẹ́ẹ̀, owó àwọn obìnrin ọjà ni ó ń jẹ. Láti ọdún 1876 tí a ti dá Lagos Native Pastorate sílẹ̀, àwọn ìjọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń bọ́ àlùfáà wọn, owó kíláàsì tí àwọn ọmọ ìjọ ń mú wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì wà nínú ohun tí a gbójú lé. Ta ni ó ń mú owó wẹ́wẹ́ wá déédé bí kò ṣe ẹnití ń tajà lójoojúmọ́? Akọ̀wé a máa gba owó oṣù, àgbẹ̀ a máa dúró de ìkórè. Obìnrin aláta nìkan ni ó ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé.

Àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú ìjọ, ìdí kan sì wà fún èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kò mọ̀. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth li ọdún 1888 pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tí ó ní aya púpọ̀, ṣùgbọ́n pé a lè gba àwọn aya irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wọlé, bí àwọn aláṣẹ ìjọ ilẹ̀ náà bá rí i pé ó tọ́. Nípa báyìí obìnrin lè jẹ́ ọmọ ìjọ pátápátá kí ọkọ rẹ̀ sì máa jókòó ní ẹ̀hìn bí olùgbọ́. Nínú ilé, òun ni ìyàwó kẹta. Nínú ìjọ, òun ni ẹni ìrìbọmi. A kò mọ iye àríyànjiyàn tí èyí dá sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò àwọn ìyá wa, ṣùgbọ́n a lè fi ojú inú wò ó.

Òfin Ìgbéyàwó ti ọdún 1884 wá fi èdìdì di ọ̀ràn náà. Ẹnití ó bá gbéyàwó lábẹ́ òfin yìí li Èkó kò gbọdọ̀ ní aya mìíràn, bí ó bá sì kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pín ohun ìní rẹ̀. Ohun ńlá ni èyí. Li àṣà Yorùbá aya kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ àti àwọn ìbátan ọkọ ni ó ní ogún. Ẹjọ́ tí ó fi èyí hàn jùlọ ni ti Cole, li ọdún 1898. John William Cole, ọmọ Èkó, ti gbé Mary Jane níyàwó nínú ìjọ ní Sierra Leone. Ó kú láìhá ogún, ó fi opó àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ dìde pé òun ni ó tọ́ kí ó di ogún náà mú gẹ́gẹ́ bí àṣà ilẹ̀ wa. Ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ dá a láre. Opó náà kò gbà, ó gbé ẹjọ́ lọ sí iwájú àwọn adájọ́ àgbà, àwọn yìí sì wí pé ẹnití ó bá gbéyàwó bí Kristẹni ti kúrò lábẹ́ àṣà nínú ọ̀ràn yìí. Opó náà borí. Kì í sì í ṣe pé gbogbo opó ni ó jàǹfààní bẹ́ẹ̀ lẹ́hìn rẹ̀, nítorí nínú ẹjọ́ Smith li ọdún 1924 ilé ẹjọ́ wí pé ìgbéyàwó nìkan kò tó, a ó wo bí àwọn ènìyàn náà ti ń gbé ìgbé ayé wọn. Òfin tí ó mú opó wọ inú ogún ni ó bá ẹ̀kọ́ tí ó mú ìyàwó kúrò nínú ọjà rìn pọ̀. Fún wa, a kò rí bí a ṣe lè yin ọ̀kan kí a sì dákẹ́ lórí èkejì.

Ewu ibẹ̀ hàn nígbàtí òwò àwọn ọkùnrin bàjẹ́. Owó epo lọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1880, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ńlá sì wọ gbèsè. Aya tí ó ní òwò tirẹ̀ a máa gbé ilé dúró. Èyí tí kò ní, pẹ̀lú ọkọ ni ó ń ṣubú. Ẹ wo ilé Captain James Pinson Labulo Davies, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó. Li ọdún 1862 ni ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton, ọmọbìnrin tí a gbà kúrò lọ́wọ́ ọba Dahomey, tí Ọbabìnrin Victoria sì tọ́jú. Kò sí ìyàwó kan li Èkó tí ọlá rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òwò ọkọ rẹ̀ wó lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, Sarah sì kú ní Madeira li ọdún 1880. Ní nǹkan bí àkókò yìí ni Davies yí ojú sí iṣẹ́ oko, tí ó gbin kòkó sí Ijan lẹ́bàá Agége, ọ̀kan nínú àwọn oko kòkó àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Báyìí ni ìtàn wa ṣe kúrò ní etí òkun tí ó sì dé agbègbè tiwa.

A bẹ̀rẹ̀ rélùwéè Èkó li ọdún 1896. Li ọdún 1901 a ṣí i dé Ìbàdàn. Àwọn tí ń fi orí ru ẹrù láti ìgbèríko, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, rí i pé ọkọ̀ ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbití ọkọ̀ bá ti ń dúró ni ọjà ń hù. Ẹlẹ́kọ, alákàrà, oníṣu sísè, gbogbo wọn ni ó rí oníbàárà ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin, nítorí arìnrìnàjò àti alágbàṣe kò ní ààrò lọ́wọ́. Ní Agége, àwọn Kristẹni oníṣòwò tí ọjà Èkó ti sú fi owó sí oko. Jacob Kẹ́hìndé Coker ti Ifako ni olórí wọn, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ li ọdún 1907. Ìtàn a máa dárúkọ Coker, ó sì tọ́. Àwọn tí ń se oúnjẹ fún àwọn alágbàṣe rẹ̀ ń kọ́? Àwọn tí ń ru kòkó tútù láti abẹ́ igi wá sí ibi tí a ti ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ó lè bú, tí wọ́n sì ń yí i lórí ẹní nínú oòrùn?

Obì gbàǹja tún mú iṣẹ́ mìíràn wá, pàápàá nígbàtí rélùwéè dé Kánò tán, tí àwọn Hausa sì wá jókòó sí Agége láti rà á. A ó rẹ obì sínú omi, a ó bó èépá rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣà á ní ńlá àti kékeré, a ó sì kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tútù tẹ́ kí ó má bàa gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹnití kò fara balẹ̀ ṣà á, kòkòrò kan ṣoṣo yóò ba apẹ̀rẹ̀ odidi jẹ́ kí ó tó dé òkè. Ojú àti ọwọ́ obìnrin ni a gbẹ́kẹ̀lé fún èyí.

Síbẹ̀ igi kòkó àti igi obì mú ìyípadà kan wá tí a kò tètè rí. Iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ tí obìnrin bá rà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tí ó rò ó, tí ó sì tà á, a ti jẹ èrè rẹ̀ kí ọdún tó yí. Ṣùgbọ́n igi kòkó a máa so fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń bẹ lórí ilẹ̀. Aya tí ó bá ọkọ gbin igi, tí ó bá a pa koríko ìdí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kò tíì so, iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ inú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọkọ bá kú, àwọn ọmọ ni yóò jogún. Bí kò bá sì bí ọmọ, ó lè jáde pẹ̀lú ẹrù orí rẹ̀ nìkan. Òfin 1884, tí ó gba Mary Jane Cole là li Èkó, kò kan aya tí a gbé lábẹ́ àṣà nínú oko Agége. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àgbègbè yìí fi ń yára fi owó oko bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìbáà ṣe gàárì, ìbáà ṣe aṣọ. Ẹnití ó bá ń wí pé obìnrin ìgbà náà fẹ́ràn owó jù kò tíì ro èyí wò.

Àwọn obìnrin tí ó kàwé pàápàá kò pẹ́ kí wọ́n tó padà sí iṣẹ́. Charlotte Olájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ R. B. Blaize, aya dókítà, fi owó tirẹ̀ dá ọkọ̀ akérò sílẹ̀ li Èkó, a pè é ní Àǹfààní, kò sì sí ẹnití ó lè wí pé ipò rẹ̀ rẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn ìyá Èkó, tí Oyinkan Abáyọ̀mí wà níwájú wọn, tẹnu mọ́ ọn títí ìjọba fi ṣí Queen's College li ọdún 1927, ọdún 18 lẹ́hìn tí ó ti ṣí King's College fún àwọn ọmọkùnrin. Stella Thomas di agbẹjọ́rò li ọdún 1933, àkọ́kọ́ nínú àwọn obìnrin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò mọ ìwé, tí kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ni ó fi ọ̀nà han gbogbo wọn. Alimotu Pelewura, olórí àwọn ẹlẹ́ja ọjà Eréko, jẹ́ Mùsùlùmí. Nígbàtí ìjọba ṣe òfin li ọdún 1940 pé kí obìnrin tí owó rẹ̀ bá ju £50 lọ li ọdún kan máa san owó orí, òun ni ó kó àwọn obìnrin ọjà jọ ní oṣù December tí wọ́n lọ bá Gómìnà Bourdillon. Ọ̀rọ̀ wọn kò le: àwọn ni ń bọ́ ilé, wọn kò sì ní ìbò. Òtítọ́ ni, nítorí ìbò tí ìjọba fi fún Èkó láti ọdún 1922, ọkùnrin tí ó ní £100 li ọdún nìkan ni ó wà fún. Ìjọba gbé iye náà sókè dé £200, ẹrù náà sì fò kúrò lórí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn. Nígbà ogun, nígbàtí ọ̀gá kan tí a ń pè ní Pullen fi iye lé gàárì lórí tí kò tó iye tí obìnrin rà á, Pelewura kò gbà láti bá a ṣiṣẹ́, àwọn obìnrin sì ta kò ó títí a fi mú òfin náà kúrò li ọdún 1945. Li ọdún 1944 Oyinkan Abáyọ̀mí dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin sílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, aya àlùfáà ìjọ wa, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jọ nítorí owó orí títí Aláké fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní oṣù January, 1949. Lẹ́hìn ọdún kan, obìnrin Èkó dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú. Pelewura rí i kí ó tó kú li ọdún 1951.

Nígbàtí ilé iṣẹ́ dé sí Ìlúpéjú àti Ìkẹjà, àwọn ọmọ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó wọlé síbẹ̀ bí òṣìṣẹ́, àwọn ẹlòmíràn sì gbé ìkòkò oúnjẹ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ti gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ìtàn tiwọn tó ìwé mìíràn.

Ohun tí ó kù ni ẹ̀bẹ̀ kan. Àwọn ìgbìmọ̀ ti fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sí ọ́fíìsì ìjọ. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá-ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ ìjọ yìí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó mú orúkọ rẹ̀ wá, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ti ọkọ nìkan. Kí ó sọ ohun tí ó ń tà, ọjà tí ó ń ná, ẹgbẹ́ tí ó wà nínú ìjọ, àti ohun tí ó fi tọrẹ bí a bá mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tí ó lè rántí ń dín kù lọ́dọọdún. Akọ̀wé ìjọ yóò wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan lẹ́hìn ìsìn òwúrọ̀, ẹnití kò bá sì lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun yóò bá a kọ ọ́.